Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ ní Helsinki: bí ẹ ṣe lè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tallinn, kẹ́ ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà

Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí mo ti lọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ ní Helsinki, olú-ìlú Fínlándì, tí mo sì padà dé, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìyá kan ò ní yà sí ṣọ́ọ̀bù mi pé ọmọ tòun náà ti bímọ sí ọ̀hún, nọ́ọ̀sì ni, òun náà ń lọ, kí ni kóun gbé dání. Màá sọ ti súwẹ́tà. Màá sọ ti ọ̀já, torí mi ò rí i rà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá bi wọ́n pé, ṣé ẹ máa dé Tallinn? Wọ́n á ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ti ń ro mí, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n máa fi ránṣẹ́ sí wọn.

Tallinn ni olú-ìlú Ẹstóníà, ìlú etí òkun tó ní èbúté ńlá. Òun àti Helsinki kọjú síra bí ilé méjì tó wà lódìkejì títì, àfi pé omi Baltic ló jẹ́ títì tiwọn. Omi náà fẹ̀ tó bíi 80 kìlómítà. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ò tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn lójoojúmọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ sì ni. Tí ẹ bá ti lo oṣù méjì nínú ilé, tí ẹ ń wẹ ọmọ, tí ẹ ń se ọbẹ̀, tí ẹ ń ti ojú fèrèsé wo àwọn èèyàn tí kì í kí ara wọn, ẹ máa mọ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ jáde lọ́jọ́ kan.

Èmi gan-an kò fẹ́ lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá tó bí mi, Ìdànrè ló wá lọ́kọ sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá ń lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, a máa ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Ìgbókòdá lọ sí apá Ayétòrò. Omi á máa ta sí wa lójú, ìyá mi á máa kọrin, èmi á di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ẹ̀mí ara rẹ̀ mú. Nígbà tí Fọlákẹ́ wá ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tallinn,” ohun tí mo rí nìyẹn. Mo ní èmi kọ́, mo ti dàgbà kọjá bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó fi fọ́tò ọkọ̀ náà hàn mí. Mo ní, “Fọlákẹ́, èyí kì í ṣe ọkọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì lèyí.”

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Físà Schengen, ìyẹn físà kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páásípọ́ọ̀tù yín láti lọ sí Fínlándì, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Ẹstóníà. Ẹ ò ní gba òmíràn. Ohun tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ìyá ni físà tí wọ́n kọ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹni tó ni ín wọlé. Wọ́n á rò pé táwọn bá ti fi Helsinki sílẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ àwọn sí ìta nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì wà. Ẹ kàn ti yàrá kan bọ́ sí èkejì ni. Fínlándì ló kọ́kọ́ wọ agbo náà, Ẹstóníà bá a níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni iye ọjọ́. Físà onígbà díẹ̀ kì í ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́, iye tí wọ́n kọ sínú tiyín sì lè kéré sí ìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ lò ní Tallinn wà nínú rẹ̀.

Ẹ má tìtorí pé agbo ilé kan náà ni kẹ́ ẹ fi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀. Wọn kì í to èèyàn sórí ìlà wo ìwé bíi ti pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ lè ní kẹ́ ẹ fi ìwé hàn kẹ́ ẹ tó wọlé, agbófinró sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ó dá mi dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, èmi ló rí. Mo mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló rí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo mú páásípọ́ọ̀tù jáde, ó ṣí ojú ìwé físà, ó dá a padà, ó ní kí n gbádùn ọjọ́ mi. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ká ní inú dúrọ́ọ̀ Fọlákẹ́ ni mo fi í sí, ìtàn míì ni mi ò bá máa kọ síbí. Fọ́tò inú fóònù kì í ṣe ìwé o.

Ọmọ tuntun náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Pé ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò sọ pé ó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ìyá rẹ̀. Tí tirẹ̀ kò bá tíì jáde, ẹ fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó lè jẹ́ bàbá lè bá ọmọ jókòó títí di alẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣòro. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ yín ti máa rà á. Tallink, Viking Line àti Eckerö Line ni àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn jù. Àárín ọ̀sẹ̀ sábà máa ń dínwó ju Sátidé lọ, tí ẹ bá sì ra àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan náà pọ̀, ó sábà máa ń dára fún àpò. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kí wọ́n kọ sí i. Mo sọ èyí torí ìyá kan tó sọ fún àna rẹ̀ pé kó kọ Ìyá Káyọ̀dé.

Bàtà, lẹ́yìn náà aṣọ

Mo ta aṣọ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́ nígbà tí mo bá sọ pé kẹ́ ẹ gbàgbé aṣọ, kẹ́ ẹ ronú nípa bàtà. Àárín Tallinn àtijọ́, òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀ káàkiri, òkúta roboto tó yọ gọngọ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Bàtà tó ní gìgísẹ̀ ò ṣe é wọ̀ níbẹ̀, sálúbàtà ò ṣe é wọ̀. Èmi wọ bàtà kan tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo rò pé ó rọ̀. Kí agogo méjìlá tó lù, mo ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ẹnì kan tí mò ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí wọ́n fi ń sáré, tó ti rọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ yín níbẹ̀ tó máa lọ rò ó fún ìyálọ́jà.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ náà kò wúlò lórí òkúta yẹn. A rí àwọn òyìnbó tí ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọn, orí ọmọ ń mì jìgìjìgì. Àwa pọn tiwa ni. Mo pọ̀n ọ́n, Fọlákẹ́ pọ̀n ọ́n, ó sùn lẹ́yìn wa láti ẹnubodè ìlú dé orí òkè. Àwọn obìnrin àgbà kan tẹ̀ lé wa díẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe so ó. Mo tú ọ̀já, mo tún un so kí wọ́n rí i.

Ní ti aṣọ, oṣù Kẹfà ni a lọ, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí kọjá agogo mẹ́wàá alẹ́, síbẹ̀ òtútù mú mi lórí ọkọ̀. Ẹ wọ nǹkan mẹ́ta lé ara wọn kẹ́ ẹ lè máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wé gèlè lọ sókè ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò mọ̀ pé aṣọ òkè ni. Ìborùn kékeré tí ẹ lè so nísàlẹ̀ àgbọ̀n ló tọ́. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù ni, ojúmọmọ kì í ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ lóṣù Kejìlá, òkúta náà á máa yọ̀. Èmi ò ní gba ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta níyànjú pé kó lọ nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọjà Kérésì wọn dára gan-an.

Inú ọkọ̀

Megastar la wọ̀, ní agogo méje ààbọ̀ àárọ̀. Ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 212 mítà, ó ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ, ó sì lè gba 2,800 èrò. Mọ́tò àti tírélà ń wọ inú rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ẹja ńlá bá la ẹnu. Lókè, ilé oúnjẹ wà, ṣọ́ọ̀bù wà tó tóbi ju èyí tí mo rí ní Alágbàká lọ, ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré wà. Ẹ dé èbúté ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, torí wọ́n máa ń ti ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra, wọn kì í dúró de ẹni tó ń ra búrẹ́dì. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ tètè wá àga lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sáré gbà á.

Ojú omi náà rọ̀ lọ́jọ́ tiwa. Ìjì máa ń wà nígbà tí ewé bá ń rẹ̀ lọ́hùn-ún, láti oṣù Kẹwàá lọ. Tí ara yín kì í gba ìmìtìtì, àárín ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe òkè pátápátá, kẹ́ ẹ sì gé ata ilẹ̀ dání kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́. Mo gbé mọ́ínmọ́ín dání, inú abọ́ ni mo ti sè é torí kò sí ewé. A jẹ ẹ́ lórí àga tiwa. Ẹ má gbé tiyín wọ ilé oúnjẹ wọn.

Ẹ pa dátà fóònù yín tí ọkọ̀ bá ti kúrò létí ilẹ̀. Síìmù Fínlándì ń ṣiṣẹ́ ní Ẹstóníà láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n láàárín omi, fóònù lè lọ so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti orí òkun, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ ọmọ mi lọ́jọ́ kan tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ lo Wi-Fi inú ọkọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Fínlándì máa ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù òfìfo lọ sí Tallinn. Mo rò pé ọjà ni wọ́n ń lọ ná bíi tiwa. Ọjà ni lóòótọ́: ọtí. Ó dínwó ní Ẹstóníà ju tiwọn lọ. Nígbà tí a ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, páálí bíà ti ga lórí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi okùn dì í bí àwọn tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko. Àwọn bàbá àgbà, ìyá àgbà, gbogbo wọn.

Omi Baltic kò ní iyọ̀ bíi tiwa. Mo ti tọ́ ọ wò ní etíkun Helsinki. Ọ̀pọ̀ odò ló ń ṣàn sínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tóóró lẹ́bàá Dẹ́ńmáàkì ló sì fi kan òkun ńlá, nítorí náà ní apá ibẹ̀ yẹn, iyọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti òkun ńlá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ kún kó sì fà bíi ti Ayétòrò. Nígbà òtútù, apá kan rẹ̀ máa ń di yìnyín, ọkọ̀ á máa fọ́ ọ kọjá. Mo ro ohun tí òkun ti gbà lọ́wọ́ àwọn ẹbí ìyá mi ní Ayétòrò, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ibojì, mo wá ń wo omi jẹ́jẹ́ yìí. Mo jowú díẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rìn ín

Owó yúrò kan náà ni wọ́n ń ná, láti ọdún 2011, aago wọn sì bá ti Helsinki mu. Láti Tẹ́mínà D, níbi tí Megastar ti ń já èrò, nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú lẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé ẹnubodè Viru, níbi tí ilé ìṣọ́ méjì kéékèèké ti dúró bí ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ibẹ̀ ni ìlú àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. UNESCO fi í sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1997. Ẹ máa lọ tààrà títí ẹ ó fi já sí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Raekoja plats. Gbọ̀ngàn ìlú tó wà níbẹ̀, 1404 ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹ wo òkè ṣóńṣó rẹ̀, ẹ máa rí ọkùnrin onírin kékeré kan tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ hàn. Vana Toomas lorúkọ rẹ̀, ìyẹn Tọ́máàsì Àgbà.

Ní igun gbàgede náà, ilé oògùn kan wà, Raeapteek. Àkọsílẹ̀ ti wà nípa rẹ̀ láti 1422, wọ́n ṣì ń ta oògùn níbẹ̀ títí di òní. Apá kan rẹ̀ ni wọ́n to egbòogi àtijọ́ sí: kòkòrò oyin tí wọ́n fi iná jó, pátákò ẹṣin, nǹkan gbígbẹ lóríṣiríṣi nínú ìgò. Fọlákẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń fa imú. Èmi ní, ṣé ẹ rí i, àtẹ ẹlẹ́wé ọmọ gan-an lèyí.

Láti ibẹ̀ ẹ máa gun òkè Toompea. Ọ̀nà méjì ló gun ún: Pikk jalg, ìyẹn Ẹsẹ̀ Gígùn, àti Lühike jalg, Ẹsẹ̀ Kúkúrú. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìdí nìyẹn tí ìlú àwọn fi ń tiro. Ẹsẹ̀ Gígùn ni kẹ́ ẹ gbà, kò ga lójijì. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè rí, tó lé ní 600, kò ní mọ̀ pé òun gun nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀ṣì Alexander Nevsky wà lókè níbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1900 nígbà tí Rọ́ṣíà ń ṣàkóso wọn. Orí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà tí wọ́n tò jọ. Àmọ́ ibi ìwòran tí wọ́n ń pè ní Kohtuotsa ni kẹ́ ẹ dúró sí pẹ́. Òrùlé pupa ló kún ìsàlẹ̀, ilé ìṣọ́ yọ sókè láàárín wọn, lẹ́yìn rẹ̀ òkun, lórí òkun ni ọkọ̀ tó gbé yín wá, tó ti kéré bí ọkọ̀ ọmọdé.

Wọ́n ti pè mí láti ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní oníbàárà kan fẹ́ mú léèsì ní gbèsè. Mo ní rárá. Mo dúró sórí òkè ní Ẹstóníà, mo ní rárá.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá òpópónà Pikk. Òpópónà yìí nìkan tó fún ọjọ́ kan. Ìlú ọlọ́jà ni Tallinn láti ìbẹ̀rẹ̀. Reval ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìlú oníṣòwò tó ń jẹ́ Hansa, tí wọ́n ń kó iyọ̀, aṣọ, awọ ẹran àti ìda oyin kọjá lórí Baltic. Ní nọ́ńbà 26, ilẹ̀kùn kan wà. Ẹ má kàn rìn kọjá rẹ̀ o. Ilẹ̀kùn onígi aláwọ̀ mèremère ni, orí èèyàn dúdú ni wọ́n sì gbẹ́ sí i lára. Èèyàn dúdú bíi tiwa. Mo dúró. Mo ní, “Fọlákẹ́, ta nìyí?” Ó ní òun ò mọ̀, òun náà ò kọjá ibẹ̀ rí. A bi ọmọbìnrin kan tó ń kó àlejò káàkiri.

Ilé Àwọn Olórí Dúdú ni wọ́n ń pè é, Mustpeade maja. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò àti olówó-ọkọ̀ tí kò tíì gbéyàwó ló ni ín. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti gbéyàwó, ó lè wá kúrò níbẹ̀ bọ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣòwò, tí gbọ̀ngàn tiwọn wà lójú òpópónà kan náà, tí wọ́n sì parí ní 1410. Ẹni mímọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi ṣe alábòó ni Mọ́ríìsì Mímọ́, ọmọ ogun tí ìtàn ìjọ sọ pé ó ti Íjíbítì wá, tí àwọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn máa ń ya àwòrán rẹ̀ bí adúláwọ̀. Ẹgbẹ́ náà wà títí di 1940. Tí mo bá ro àwọn ọmọkùnrin àpọ́n yẹn, tí wọ́n ń ta iyọ̀ àti ìda, tí wọ́n fi orí èèyàn dúdú ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún lé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ó sì ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má rí wa sójú rí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni. Mo ya fọ́tò. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ aláṣọ. Akọ̀wé wa ní kí n bi wọ́n iye tí wọ́n ń dá lóṣù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní nọ́ńbà 16, ilé kọfí Maiasmokk wà, láti 1864. Ṣokoléètì àti marzipan ni wọ́n ń tà, èyí tí wọ́n fi álímọ́ńdì àti ṣúgà ṣe, tí wọ́n ń yà bí ẹyẹ, bí èso, bí orí ọba. Kòkó ni bàbá mi gbìn ní Ìdànrè títí ó fi kú. Mo mọ òórùn kòkó tó ń kan nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo mọ bó ṣe ń dún lẹ́sẹ̀ tí a bá ń fi ẹsẹ̀ tú u lórí àwọ̀n nínú oòrùn. Bàbá mi ò jẹ ṣokoléètì rí láyé rẹ̀. Mo jókòó sí Maiasmokk, mo jẹ ẹyọ kan, ó kéré bí bọ́tìnnì agbádá. Fọlákẹ́ bi mí pé ṣé ó dùn. Ó dùn.

Tí ebi gidi bá ń pa yín, ẹ bèèrè búrẹ́dì dúdú wọn pẹ̀lú kilu, ẹja kéékèèké tó ní iyọ̀, tí wọ́n gbé ẹyin lé lórí. Ó jọ ṣàwá, ẹnu yín á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ojú ọjà, ọjà kan wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Balti Jaama Turg, wọ́n ń ta ẹja yíyan níbẹ̀. “Tere” ni wọ́n fi ń kíni, “aitäh” ni ẹ ṣeun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá kí wọn bí a ṣe ń kíni l'Ákùúrẹ́, ẹ̀rù á bà wọ́n.

Ọ̀nà àbọ̀, àti ibi tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọkọ̀

Ẹ tẹ̀ lé Pikk títí dé ìparí. Ẹ máa kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Oleviste, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó bíi 124 mítà, kẹ́ ẹ tó dé ilé ìṣọ́ roboto kan tó ń jẹ́ Paks Margareeta. Margareeta Sísanra ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn òkúta inú ògiri rẹ̀ sì sanra lóòótọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí koríko, ẹ máa rí irin dúdú kan tó tẹ̀ wá láti òkè bí òṣùmàrè, tó wá já láàárín. Katkenud liin lorúkọ rẹ̀, Ìlà Tó Já. Ìrántí ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Estonia ni, tó gbéra láti Tallinn lọ sí Stockholm, tó sì rì ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1994. Èèyàn 989 ló wà nínú rẹ̀, 852 ló kú. Ìjì ló wà lójú omi. Ìbòjú iwájú ọkọ̀, níbi tí mọ́tò ń gbà wọlé, já bọ́, omi ya wọ àjà mọ́tò. Fọlákẹ́ kò fẹ́ kí n mọ̀ títí a ó fi padà délé. Ó rò pé mi ò ní wọkọ̀ mọ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá mi; mo mọ̀ pé omi máa ń gba èèyàn. Mo ka díẹ̀ nínú àwọn orúkọ náà sókè, bí ahọ́n mi ṣe lè pè wọ́n. Ọmọ náà jí lẹ́yìn mi, ó ń sunkún, a sì ń lọ.

Ibí yìí ni mo ní kẹ́ ẹ fi etí sílẹ̀ sí. Tẹ́mínà tó sún mọ́ ìrántí yẹn jù ni Tẹ́mínà A. Èrò ń wọlé síbẹ̀, àwa náà wọlé. A tò. Nígbà tó kàn wá, wọ́n ní ọkọ̀ tiwa kò sí níbẹ̀, Tẹ́mínà D ni, lódìkejì omi. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ máa wò lórí tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, kì í ṣe aago nìkan, lẹ́tà tẹ́mínà náà. Ní Helsinki pàápàá, bákan náà ni: Länsisatama ni Megastar ti ń gbéra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ Viking XPRS, Katajanokka ló ń lọ, òun ló sì máa já sí Tẹ́mínà A ní Tallinn.

A sáré. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà láàárín A àti D, lórí omi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí a dé ẹnu rẹ̀, agogo ń dún, afárá náà ti gbéra sókè. Ó máa ń ṣí kí ọkọ̀ tó ní òpó lè kọjá. Ọkọ̀ ìgbòkun kan ṣoṣo ló ń kọjá, ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń mu kọfí, kò kánjú rárá. Fọlákẹ́ ń wo aago, èmi ń wo ẹsẹ̀ mi nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ju ọwọ́ sí ọkùnrin náà. Ó ju ọwọ́ sí mi.

A bá ọkọ̀ náà. A wà lára àwọn ìkẹyìn tó wọlé, kò sí àga lẹ́bàá fèrèsé mọ́, a jókòó láàárín àwọn oníbíà.

Ní ti ọjà tí ẹ máa rà bọ̀ fún àwọn ará ilé: ẹ ra marzipan, tàbí ṣokoléètì inú agolo, ẹ má ra onípáálí. Èmi ra páálí mẹ́rin. Wọ́n dé Èkó láyọ̀. Mọ́tò wa wá dúró ní Ọ̀rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, nígbà tí a fi máa dé Àkúrẹ́, wọ́n ti yọ́ di ọbẹ̀. Mo kó wọn sínú fìríìsà bẹ́ẹ̀, wọ́n gan padà ní odindi. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e fún àwọn ará ọjà.